Ojú tí Àwọn Olólùfẹ́ Eré fi ń wo Ìtàn-Àròsọ Ajẹmọ́-Eré: Àyẹ̀wò Ọ̀wọ́-Ìwé Doctor Who

Àṣamọ̀

Láti ọdún 1964 ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń yọ ìwé ìtàn-àròsọ láti inú *Doctor Who*, eré onísáyẹ́ǹsì tí ilé-iṣẹ́ BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lórí tẹlifíṣàn ní ọdún 1963. Àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ kì í sábà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kún. Àwọn olólùfẹ́ eré náà ni wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń gbé e gẹ̀gẹ̀, tí wọ́n sì ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Iṣẹ́ yìí ṣe àtúpalẹ̀ èrò wọn lábẹ́ òṣùwọ̀n mẹ́ta: ìbáramu ìwé pẹ̀lú eré, ipò ìwé nínú ìtàn gbogbogbòò, àti irú òǹkàwé tí wọ́n kọ ìwé fún. Àbájáde rẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n tí àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù lọ ni ó wúlò kéré jù lọ fún ìdíyelé iṣẹ́ ọnà, àti pé àwọn ìwé tí ìyìn wọn kò tán lẹ́nu àwọn òǹkàwé ni èyí tí ó ṣe ohun tí eré kò lè ṣe.

Ìfáárà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kọ́ ni ìtàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbádùn rẹ̀. Ìtàn lè ti ẹnu apàlọ́ bọ́ sínú ìwé, ó lè ti inú ìwé bọ́ sórí ìtàgé, ó sì lè ti orí tẹlifíṣàn bọ́ sínú ìwé. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn onímọ̀ kì í fẹ́ fi ojú iyì wò. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé nítorí owó ni wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò ṣẹ̀dá ohunkóhun, àti pé ẹni tí ó ń kà á kò tíì kàwé. Ìwé ajẹmọ́-eré ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí yóò máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọmọ bá gbé ìwé tí wọ́n yọ láti inú eré tẹlifíṣàn wá sí kíláàsì, ìdájọ́ tí olùkọ́ bá ṣe lórí ìwé náà lè sọ ọmọ náà di òǹkàwé títí ayé, ó sì lè mú kí ó sá fún ìwé pátápátá. Kí olùkọ́ tó dájọ́, ó yẹ kí ó gbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. *Doctor Who* yẹ fún àyẹ̀wò yìí nítorí pé ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde pọ̀ jọjọ, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ní ẹgbẹ́, ìwé ìròyìn àti ìwé àtìgbàdégbà tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe lámèyítọ́ àwọn ìwé náà láti àwọn ọdún 1970.

Ẹ̀dá kan tí kì í ṣe ọmọ ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní Doctor, ni olú ẹ̀dá-ìtàn eré náà. Ó ń fi ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ TARDIS rin ìrìn-àjò láti ìgbà kan dé òmíràn àti láti ayé kan dé òmíràn. Ọkọ̀ náà rí bí àgọ́ ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù láti ìta, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju ìta rẹ̀ lọ. Bí ikú bá kan Doctor, ara rẹ̀ á yí padà, òṣèré mìíràn á sì gba ipò náà. Ọgbọ́n yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí eré náà pẹ́ láyé. Ó wà lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 1963 títí di ọdún 1989. Ó yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú fíìmù tẹlifíṣàn ní ọdún 1996. Ó sì padà dé ní ọdún 2005.

Tíọ́rì tí Iṣẹ́ yìí Gùn lé

Tíọ́rì ìhà-tí-òǹkàwé-kọ-sí-iṣẹ́ ni òpó àyẹ̀wò yìí. Hans Robert Jauss, onímọ̀ ará Jámánì, gbà pé òǹkàwé kì í bá iṣẹ́ ọnà pàdé pẹ̀lú ọkàn òfìfo. Àwọn iṣẹ́ tí ó ti bá pàdé sẹ́yìn ti gbin ìrètí sí i lọ́kàn. Stanley Fish ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹnu mọ́ ọn ní ọdún 1980 pé àwùjọ tí òǹkàwé wà ni ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe túmọ̀ ohun tí ó kà. Henry Jenkins, nínú ìwé rẹ̀ *Textual Poachers* (1992), wo àwọn olólùfẹ́ eré tẹlifíṣàn ní pàtó. Ó fi hàn pé wọn kì í ṣe òǹwòran tí ń gbé ohunkóhun mì bí wọ́n bá ti gbé e síwájú wọn. Wọ́n ń yàn, wọ́n ń kọ̀, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n mú ṣẹ̀dá tuntun.

Bí a bá fi ojú tíọ́rì yìí wò ó, olólùfẹ́ eré tí ó ṣí ìwé ajẹmọ́-eré ti mọ ohùn, ìrísí àti ìṣesí ẹ̀dá-ìtàn kí ó tó ka ọ̀rọ̀ kan. Ìwé náà ní láti bá ìrètí yẹn jà tàbí kí ó tẹ̀lé e. Inú ìjà yìí ni èrò tí àwọn òǹkàwé ń sọ ti ń jáde.

Orírun Àwọn Ìwé náà

David Whitaker, tí ó jẹ́ olóòtú ìwé-eré àkọ́kọ́ fún *Doctor Who*, ni ó kọ ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ ní ọdún 1964. Ó gbé e ka ìtàn àwọn Dalek, ọ̀tá abẹ̀mí tí ń gbé inú àgbá irin, tí Terry Nation dá sílẹ̀. Ìwé méjì mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ Target tún ìwé mẹ́ta yìí tẹ̀. Láti ọdún 1974 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tuntun jáde léraléra, títí àwọn ìwé náà fi lé ní àádọ́jọ. Terrance Dicks, tí òun náà ti jẹ́ olóòtú ìwé-eré, ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù. Tirẹ̀ nìkan lé ní ọgọ́ta.

Ìdí pàtàkì wà tí àwọn ọmọdé fi dì mọ́ ìwé wọ̀nyí. Nígbà náà, bí eré bá ti kọjá lórí tẹlifíṣàn, ó ti lọ nìyẹn. Ọdún 1983 ni wọ́n tó kọ́kọ́ ta fídíò *Doctor Who* fún ará ìlú. Ohun tí ó tún burú sí i ni pé BBC fúnra rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà rẹ́ kúrò lórí téèpù. Fún ìdí èyí, ìwé ni ó di ibi tí ìtàn ń gbé. Ọmọ tí wọn kò tíì bí ní ọdún 1964 kò lè rí eré ọdún náà, ṣùgbọ́n ó lè kà á.

Lẹ́yìn tí eré dáwọ́ dúró ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ Virgin gba àṣẹ láti kọ ìtàn tuntun tí kò wáyé lórí tẹlifíṣàn rí. Ọ̀wọ́ náà, *The New Adventures*, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 lábẹ́ olóòtú Peter Darvill-Evans. Ohun tí ó ṣe tí kò wọ́pọ̀ ni pé ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò kọ ìwé rí láti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Báyìí ni àwọn olólùfẹ́ eré ṣe di òǹkọ̀wé. Paul Cornell, Mark Gatiss àti Kate Orman, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà, wà lára wọn. Ní ọdún 1997, BBC gba iṣẹ́ náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tirẹ̀.

Òṣùwọ̀n Kìn-ín-ní: Ìbáramu Ìwé pẹ̀lú Eré

Ohun tí òǹkàwé ìwé Target kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ìwé sọ ohun tí eré sọ. Ìbéèrè yìí bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti rí eré. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n yìí bá jẹ́ òótọ́ délẹ̀, ìwé Whitaker ni ìbá gba ìdá jù lọ. Lórí tẹlifíṣàn, olùkọ́ méjì, Ian àti Barbara, ni wọ́n tọpa akẹ́kọ̀ọ́ wọn dé inú TARDIS. Nínú ìwé, Ian ni asọ̀tàn. Ó pàdé Barbara nínú kùrukùru lálẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, kò sì bá a ṣiṣẹ́ rí. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ eré ń ka ìwé náà mọ́ èyí tí ó dára jù. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: àsọtàn ẹni kìn-ín-ní mú òǹkàwé wọ inú ẹ̀rù Ian, èyí tí kámẹ́rà kò lè ṣe.

Àpẹẹrẹ Malcolm Hulke tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ó kọ eré *Doctor Who and the Silurians* ní ọdún 1970, òun náà ni ó sọ ọ́ di ìwé ní ọdún 1974 pẹ̀lú àkọlé *The Cave Monsters*. Ìtàn náà dá lórí ẹ̀yà afàyàfà ọlọ́gbọ́n tí wọ́n ni ayé kí ènìyàn tó dé, tí wọ́n ti ń sùn lábẹ́ ilẹ̀. Lórí tẹlifíṣàn, wọn kò ní orúkọ. Aṣọ rọ́bà ni òṣèré wọ̀. Nínú ìwé, Hulke fún wọn lórúkọ, ó sì fi ojú tiwọn bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Òǹkàwé mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ kí ó tó mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun wá pa wọ́n run ní òpin, ọ̀fọ̀ ni ó jẹ́ fún òǹkàwé, kò jẹ́ ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ wà nínú eré; ìwé ni ó jẹ́ kí ó wọni lára.

Kì í ṣe gbogbo ìwé Target ni ó rí báyìí. Àwọn olólùfẹ́ eré fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàròyé pé ọ̀pọ̀ nínú ìwé Dicks ti ìparí àwọn ọdún 1970 kò ju ìwé-eré tí wọ́n fi ‘ó ní’ àti ‘ó dáhùn’ so pọ̀ lọ. Ẹ̀sùn yìí fìdí múlẹ̀. Ó sì yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ó ń fi hàn: àwọn ìwé tí ó bá eré mu régí ni wọ́n ń bù fún àìjinlẹ̀, èyí tí ó yà kúrò ni wọ́n ń yìn. Ẹnu ń béèrè ìbáramu. Ọkàn ń wá nǹkan mìíràn.

Ẹ̀rí láti Ìlú Jos

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà dán òṣùwọ̀n yìí wò. BBC máa ń ta eré rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ilẹ̀ òkèèrè ní àwọn ọdún 1960, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó rà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n kéde pé Philip Morris, tí ó ń wá àwọn eré tí ó sọnù kiri, ti rí ìpín mọ́kànlá nínú eré méjì, *The Enemy of the World* àti *The Web of Fear*, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Jos. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni kò sí níbòmíràn mọ́.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, ìpín kan péré nínú mẹ́fà ni ó ṣẹ́ kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan eré náà. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn olólùfẹ́ eré mọ̀ nípa wọn ti inú ìwé wá: Dicks kọ *The Web of Fear* ní ọdún 1976, Ian Marter sì kọ *The Enemy of the World* ní ọdún 1981. Èkíní ti lókìkí tẹ́lẹ̀; wọn kò ka èkejì sí eré gidi. Nígbà tí eré náà wá jáde sí gbangba, èrò nípa *The Enemy of the World* yí padà kíákíá. Ìdí kan ni pé òṣèré kan ṣoṣo, Patrick Troughton, ni ó ṣe Doctor àti Salamander, ìkà ènìyàn tí ó jọ Doctor bí ìbejì. Ìwé lè sọ pé àwọn méjèèjì jọra. Kò lè fi hàn bí ojú kan náà ṣe ń di ojú ẹlòmíràn. Ohun tí Jos kọ́ni ni pé ìwé àti eré kò lè dí àyè ara wọn. Bí ìwé bá ní agbára tí eré kò ní, eré náà ní èyí tí ìwé kò ní. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀kan wọn èkejì yóò ṣi méjèèjì wọ̀n.

Òṣùwọ̀n Kejì: Ipò Ìwé nínú Ìtàn

Àríyànjiyàn tí ó gbóná jù lọ dá lórí bóyá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ‘ṣẹlẹ̀ lóòótọ́’ sí Doctor. Nínú *Lungbarrow* (1997), Marc Platt kọ ọ́ pé wọn kì í bí àwọn ará ilẹ̀ Doctor. Ẹ̀rọ ni ó ń hun wọ́n bí aṣọ. Eré tẹlifíṣàn fi Doctor hàn lọ́mọdé ní ọdún 2014. Ó tún sọ ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ mìíràn pátápátá ní ọdún 2020. Apá kan nínú àwọn olólùfẹ́ eré ní ìwé ti di òfo nìyẹn. Apá kejì ní ìwé ni ó tọ̀nà, eré ni ó ṣìnà. Àwọn kan sì ń wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

BBC kò fi ìgbà kan ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Cornell pàápàá jiyàn ní ọdún 2007 pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú *Doctor Who*. Ibòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, Lucasfilm tí ó ni *Star Wars* kéde pé àwọn ìwé ìtàn-àròsọ tí ó ti ń jáde tipẹ́ kò sí lára ìtàn gidi mọ́. Ó sọ wọ́n lórúkọ tuntun, Legends. Inú bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Síbẹ̀ Thrawn, ọ̀gágun tí Timothy Zahn dá sílẹ̀ nínú ìwé ọdún 1991, padà yọ nínú eré tẹlifíṣàn *Star Wars Rebels* ní ọdún 2016. Àṣẹ lé ìwé jáde. Dídára ẹ̀dá-ìtàn mú un wọlé padà.

Ìbínú àwọn òǹkàwé yìí kò yẹ ní fífi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́wàá tọ ìgbésí ayé ẹ̀dá-ìtàn kan lẹ́yìn, tí wọ́n wá sọ fún un pé kò wáyé, pàdánù nǹkan. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n lámèyítọ́, ipò kò wúlò. Ó ń sọ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ sí ìtàn. Kò sọ bóyá ìtàn dára. *Lungbarrow* kò sunwọ̀n sí i ní ọdún 1997, bẹ́ẹ̀ ni kò burú sí i ní ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà.

Òṣùwọ̀n Kẹta: Ta ni Wọ́n Kọ Ìwé fún?

Ìwé Target wà fún ọmọdé. Àwọn *New Adventures* wà fún àgbàlagbà. *Transit* (1992) láti ọwọ́ Ben Aaronovitch àti *Damaged Goods* (1996) láti ọwọ́ Russell T Davies kò fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tàbí oògùn olóró pa mọ́. Àwọn kan yìn wọ́n pé ìtàn ti dàgbà pẹ̀lú òǹkàwé. Àwọn mìíràn bínú pé wọ́n ti já ìtàn gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ̀sùn kejì yìí ní òótọ́ nínú. Láàrin àwọn ọdún 1990, kò sí eré tuntun lórí tẹlifíṣàn yàtọ̀ sí ti ọdún 1996, ìwé tuntun tí ó ń jáde kò sì bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mu. Ọ̀wọ́ tí ó gba ìtàn là fún àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n kò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Òṣùwọ̀n kẹta yìí lágbára ju èkejì lọ, nítorí pé ó ń béèrè iṣẹ́ tí ìwé ń ṣe fún ènìyàn.

Ìwé tí ó Di Eré

Àpẹẹrẹ tí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí já ni *Human Nature*, tí Cornell kọ ní ọdún 1995. Nínú rẹ̀, Doctor sọ ara rẹ̀ di ènìyàn, ó gbàgbé ẹni tí ó jẹ́, ó di olùkọ́ tí ń jẹ́ John Smith ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1914, ó sì fẹ́ràn obìnrin kan, Joan. Láti gba àwọn ẹlòmíràn là, John Smith ní láti kú kí Doctor lè padà. Ní ọdún 2007, Cornell fúnra rẹ̀ sọ ìwé náà di eré tẹlifíṣàn alápá méjì. Ó gbé e sí ọdún 1913, ó sì fi Martha Jones, dókítà aláwọ̀ dúdú tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, rọ́pò Bernice Summerfield, awalẹ̀pìtàn inú ìwé. Martha ní láti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ní ilé ìwé náà, kí ó sì fara da ìwọ̀sí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí fi kókó-ọ̀rọ̀ mìíràn kún ìtàn.

Àwọn olólùfẹ́ eré ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó dára jù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé àríyànjiyàn náà dára ju èyí tí ó dá lórí ipò lọ. Wọ́n ń wo ẹ̀dá-ìtàn, ìbùdó ìtàn àti ìparí ìtàn, wọ́n sì ń tọ́ka sí ojú ìwé àti ìran eré. Lámèyítọ́ ni wọ́n ń ṣe. Davies tí ó jí eré náà dìde ní ọdún 2005 ti kọ ìwé nínú ọ̀wọ́ Virgin. Cornell àti Gatiss sì kọ ìpín nínú eré ọdún náà. Ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní ayédèrú ni ó di ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òǹkọ̀wé eré ti jáde. Ní ọdún 2018 pàápàá, nígbà tí wọ́n jí orúkọ Target dìde, Davies sọ eré tirẹ̀, *Rose*, di ìwé.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Àwọn ìbéèrè tí ó wúlò nínú àríyànjiyàn yìí ṣe é gbé wọ kíláàsì. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ *Ṣaworoidẹ*, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní fíìmù ní ọdún 1999, di ìwé ìtàn-àròsọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé náà, tí ó sì wo fíìmù rẹ̀, kò nílò kí olùkọ́ sọ èyí tí í ṣe ojúlówó fún un. Ìbéèrè tí ó yẹ ni: kí ni ìwé sọ tí fíìmù kò lè sọ? Kí ni ojú òṣèré ṣe tí ọ̀rọ̀ kò lè ṣe? Ta ni ó rí àyè wọlé sínú ìtàn nítorí pé ó jáde ní ọ̀nà méjì?

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé àwọn olólùfẹ́ eré kì í ṣe òǹkàwé lásán. Àwùjọ lámèyítọ́ ni wọ́n, tí òṣùwọ̀n tiwọn ní agbára àti àléébù. Ìbáramu wúlò nígbà tí eré kò ṣe é rí, ṣùgbọ́n kò tó láti fi mọ ìwé rere. Ipò ń fa ìbínú, kì í mú òye wá. Ìbéèrè nípa ẹni tí wọ́n kọ ìwé fún àti ohun tí ìwé nìkan lè ṣe ni ó ń so èso. Nítorí náà, bí ọmọ bá gbé ìwé ajẹmọ́-eré wọ kíláàsì, kí olùkọ́ má ṣe bi í léèrè ibi tí ìtàn ti wá. Kí ó bi í léèrè ohun tí ó rí nínú rẹ̀, kí ó sì tẹ́tí sí ìdáhùn.